Owó Ẹnu Ọ̀nà

Oṣù Èrèlé ni, kajú ń já bọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó lọ sí Ìlúju.
Àwọn ọmọdé ń ṣà á lábẹ́ igi, ọwọ́ wọn nínú ewé gbígbẹ;
ibẹ̀ náà ni paramọ́lẹ̀ ń sùn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Nọ́ọ̀sì Moróunkẹ́jì fi kọ wọ́n sínú ìwé ẹlẹ́yìn dúdú,
igba ènìyàn ó lé mẹ́rìnlá.
Gàníyù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ òsì.
Ìyá Lápàdé, ìka ọwọ́.
Ọkùnrin kan tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀ mọ́ kó tó dé.
Ó kọ wákàtí tí ejò ṣán wọn, ó kọ wákàtí tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa,
ó kọ ohun tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ wá: okùn, ọ̀já, wáyà iná.

Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, lóru, nígbà tí iná bá dé.
A ṣírò rẹ̀ tán, a wo ojú ara wa:
okùn tí wọ́n dì pinpin ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn
ju oró ejò lọ.

A fi ránṣẹ́ sí ìwé àwọn oníṣègùn lókè òkun. Oṣù méje.
Àwọn méjì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dára.
Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjì yẹn ṣe é. Mo mọ̀,
torí Dókítà Ọ̀tẹ́gbadé tiwa náà ti bá wọn yẹ tẹlòmíràn wò rí,
ó jókòó tì í ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta,
"Ẹ ṣeun" ni wọ́n san fún un.

Lẹ́yìn náà ni ìwé owó dé.
Ẹgbọ̀kànlá dọ́là.
Moróunkẹ́jì ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.
"Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ bá wa kọ́ ni?"
Ó ka owó oṣù rẹ̀ láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, kò tó.
Ó fi tèmi lé e, kò tó síbẹ̀.

A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dáhùn tìfẹ́tìfẹ́
pé àwọn a máa ṣàánú àwọn ìlú tó tòṣì,
àmọ́ tiwa kò sí nínú ìwé wọn.
A kò tíì tòṣì tó.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná fóònù la fi rán ọgbẹ́.

Wọ́n ní ọ̀nà kejì wà: kí àwa má san nǹkan kan,
kí ẹni tó bá fẹ́ kà á máa san tirẹ̀.
Ilẹ̀kùn kan náà ni, ẹni tó dúró síta ni wọ́n pààrọ̀.
Kí la fẹ́ ṣe? A gbà.

Ọjọ́ tó jáde, mo lọ wò ó.
Orúkọ Moróunkẹ́jì wà níbẹ̀, wọn ò fi àmì kankan sí i lórí.
Ìlà mẹ́rin ni mo rí kà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, dọ́là mọ́kàndínlógójì.
Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́! Èmi tí mo mọ ibi tí àṣìṣe mi wà nínú tábìlì kejì!
Agbẹ̀bí Súnbọ̀ pè mí láti Ìlúju pé òun náà fẹ́ kà á.
Mo ní kó ṣe sùúrù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, n kò bú yín.
Ẹ̀rọ ń jẹ owó, òṣìṣẹ́ ń jẹun, mo gbọ́.
Àmọ́ Gàníyù ti san tirẹ̀.
Ẹsẹ̀ òsì. Ẹ lọ wo ojú ìwé kẹta.

Ní Sátidé, Moróunkẹ́jì gba páálí fìríìjì kan ní Tákíè,
ó là á, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà:
EJÒ ṢÁN Ọ? MÁ DI OKÙN. JÓKÒÓ JẸ́Ẹ́. KÍ ỌLỌ́KADÀ GBÉ Ọ WÁ.
Ó kàn án mọ́ igi níbi tí wọ́n ti ń wọn kajú.
Kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ìgbéga.
Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ti kọ nọ́ńbà fóònù sí ìdí rẹ̀, ó ń ta ọ̀kadà;
ọmọbìnrin kan sì dúró, ó ń kà á fún ìyá rẹ̀,
m-á, má; d-i, di.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú.
Páálí sì ni.